Ẹ̀jẹ̀ Mi Lórúkọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé fọ́ọ̀mù náà wá bá mi nílé mi ní Ìjẹmọ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, mo sì ń gbé ìrẹsì kaná. Ó jókòó sí ilé ìdáná láìtú gèlè orí rẹ̀, ó tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí tábìlì, ó ní kí n kà á.

Kí n tó lọ síwájú, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin péré ni ẹ̀gbọ́n mi yìí fi jù mí lọ. Ṣùgbọ́n bàbá wa, tí wọ́n ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kò gbà kí n pè é láìfi Àǹtí ṣáájú, mo sì ń fi ẹ bá a sọ̀rọ̀ títí di òní. Ní ti ìwé kíkọ, iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá ni mò ń ṣe, mo sì mọ bí ‘wọ́n’ ṣe lè pọ̀ nínú ìtàn débi pé ẹni tó ń kà á kò ní mọ ẹni tó ṣe kí ni mọ́. Nítorí náà, ‘ó’ ni màá máa kọ fún un. Mo ti sọ fún un, ó sì ní kò burú.

Ilé-ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan lọ́nà Ìtòrí fẹ́ gbà á ṣe ọ̀gá àgbà. Ó ti ṣe igbákejì ọ̀gá níbòmíràn fún ọdún mọ́kànlá, ó ti rò pé ibẹ̀ náà ni òun máa wà títí òun á fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n ti mú un yí gbogbo kíláàsì ká, ìyá tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ti ń pè é ní ‘ọ̀gá wa’. Àyẹ̀wò ara nìkan ló kù. Ó ti ṣe ti ojú, ó ti ya fọ́tò àyà, ó ti gbé ìtọ̀ sílẹ̀. Níwájú ibi tí wọ́n kọ ẹ̀jẹ̀ sí, kò sí nǹkan kan. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ wò nínú ẹ̀jẹ̀ náà: àtọ̀gbẹ, iṣẹ́ ẹ̀dọ̀, àti iṣẹ́ kíndìnrín.

“Ìwọ lo máa bá mi lọ,” ó ní.

“Kí n sìn yín lọ? Ó dáa. Ọjọ́ wo?”

“Mi ò ní kí o sìn mí. Mo ní kí o bá mi lọ fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ náà.”

Mo pa iná ìrẹsì.

Gbogbo wa nílé la mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi àti abẹ́rẹ́. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ kan ní ìdí nítorí ibà. Ibẹ̀ wú, ó kún fún ọyún, wọ́n fi abẹ là á, ó sì tiro fún bí oṣù mẹ́ta. Ìyá wa ló ń pọ̀n ọ́n lọ síbi tí wọ́n ti ń wẹ egbò náà, èmi á máa tọ̀ wọ́n lẹ́yìn, mo sì máa ń gbọ́ igbe rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó lóyún, ọkọ rẹ̀ a dì í mú lápá kan, nọ́ọ̀sì a dì í mú lápá kejì, síbẹ̀ ó dákú lẹ́ẹ̀mejì. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ti wà ní yunifásítì nígbà tí mò ń sọ yìí, abẹ́rẹ́ kò sì tíì kan ara rẹ̀ láti ìgbà tó ti bí i.

“Irọ́ ni ìyẹn, Àǹtí,” mo ní.

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ wo ló pọ̀ níbẹ̀? Ara mi le. Ara tìẹ náà le. Bàbá kan náà, ìyá kan náà.”

Mo ní kí a jọ lọ, pé màá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wolẹ̀. Ó ní òun ti lọ sí láàbù tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ Jimọ̀. Òun ti gun àtẹ̀gùn ibẹ̀ dókè, òun ti jókòó, ó ti ku ẹnì kan ṣoṣo níwájú òun. Bí wọ́n ṣe so rọ́bà mọ́ apá ọkùnrin náà ni òun dìde, òun sọ̀ kalẹ̀, òun kò sì wẹ̀yìn.

“Èmi tí mo máa ń pàṣẹ fún ẹgbẹ̀ta ọmọ lórí ìlà láràárọ̀,” ó ní. Kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà nìyẹn. Ìdí kejì tún wà. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, tí ìyá wa ń ṣàìsàn, ẹ̀gbọ́n mi yìí fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, ó wá gbé ọ̀dọ̀ mi fún ogójì ọjọ́. Kò fìgbà kan sọ ọ́ sí mi létí rí. Mo ní ó dáa, màá lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí ìsinmi àárín táàmù ti bẹ̀rẹ̀.

Orí òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Kútọ̀ ni láàbù náà wà. Ọmọbìnrin kan tó wé híjáàbù funfun ló ń gba ẹ̀jẹ̀. Ó kí mi dáadáa, ó ní kí n jókòó, ó béèrè orúkọ. Mo dá orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó béèrè ọjọ́ orí. Tèmi ti dé ẹnu mi, mo húkọ́ díẹ̀, mo sọ tirẹ̀.

“Ṣé ẹ ń lo oògùn kankan lọ́wọ́lọ́wọ́, mà?”

“Rárá o.”

Ìyẹn náà kì í ṣe òótọ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́. Orí ti ń fọ́ mi ṣáá láti nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, mo sì máa ń ra oògùn ara ríro ní kẹ́míìsì ìsàlẹ̀ ilé wa. Mo máa ń gbé e mì láàárọ̀ kí n tó jáde àti ní ọ̀sán lẹ́yìn kíláàsì kẹrin. Ó máa ń wà nínú báàgì mi pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Mi ò ka ìyẹn sí oògùn.

Ó so rọ́bà, ó fọwọ́ tẹ inú ìgbúnwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, ó rí iṣan. Mo wo ẹ̀jẹ̀ náà bó ṣe ń wọ inú ìgò kékeré àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà èkejì. Ó lẹ bébà tí ó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sí mọ́ méjèèjì lára. Ó ní kí n fi òwú tẹ ojú ibẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi pé ó ti parí, ó ní Ọlọ́run á san án fún mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a ti wọlé padà. Ọ̀dẹ̀dá ni ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni wà. Mo wà ní kíláàsì ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wá sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ń dúró dè mí. Kò wá bá mi níbi iṣẹ́ rí. Mo bá a nínú ọkọ̀ rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ó ti pa ẹ́ńjìnnì, ó di sìtíárì mú bí ẹni tó ṣì ń wakọ̀ lọ.

“Wọlé kí o tilẹ̀kùn,” ó ní.

Mo wọlé.

“Èsì ti jáde. Dókítà ní kíndìnrín mi kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.”

Mo fẹ́ sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi kó tó yé mi. Ó ń wò mí, ó ń dúró kó yé mi.

“Kì í ṣe kíndìnrín mi,” ó ní.

Ó wá sọ bó ṣe rí fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Dókítà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ń lò, bàbá àgbàlagbà kan ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, ló ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ní kí ó jókòó dáadáa. Wọ́n ní ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ga ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì fi bébà hàn án. Wọ́n ní ohun tó ń rú àwọn lójú ni pé ìtọ̀ tó kọ́kọ́ gbé wá mọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà sì dára. “Ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ yìí kò bára wọn mu,” ni wọ́n wí. Wọ́n ní kí ó padà wá ní ọjọ́ Ajé, kí àwọn tún ẹ̀jẹ̀ náà gbà.

“Mo ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ,” ẹ̀gbọ́n mi ní, “mo sì mọ̀ pé ìwọ ni wọ́n ń bá wí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo bọ́ sínú mọ́tò. Mo fẹ́ pè ọ́, mo rí i pé mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù.”

Mo ní bóyá wọ́n ti gbé ti ẹlòmíràn mọ́ ọn. Ó ní bóyá. Ó fa bébà náà yọ nínú báàgì, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Orúkọ rẹ̀ wà lókè, àwọn orúkọ tí mi ò mọ̀ sì wà nísàlẹ̀, yúríà, kiriatínì, àti nọ́ńbà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi báírò pupa fàlà sí abẹ́ méjì nínú wọn.

Mo jókòó síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí àwọn nǹkan. Bàtà mi kì í gba ẹsẹ̀ mi mọ́ tó bá ti di ọ̀sán. Mo ti ní nítorí pé mò ń dúró kọ́ni ni. Ìtọ̀ mi máa ń hó bí omi ọṣẹ. Mo ti ní oògùn tí mo fi ń fọ ṣáláńgá ni. Ó máa ń rẹ̀ mí lórí àtẹ̀gùn mẹ́jọ péré tó wà ní ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn olùkọ́. Mo ti ní ọjọ́ orí ni. Orí tó ń fọ́ mi, mo ti ní ariwo àwọn ọmọ ni. Mo ti ní ìdáhùn fún gbogbo rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ̀ bá má ti rán mi,” mo wí fún un.

Ọ̀rọ̀ aláìnírònú ni. Bí kò bá rán mi, mi ò ní mọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo padà sí kíláàsì, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo kọ́ wọn títí agogo fi lù. Mi ò rántí ohun tí mo kọ́ wọn.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Nígbà tó dé ní ọjọ́ Jimọ̀ tí mo sọ fún un, ó ní kí n sinmi kí ó tó bú wa, kò sì padà bú wa. Ní ọjọ́ Sátidé, mo lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà, mo sì ti rí ọ̀nà kan. Mo ní kò sí ohun tó bàjẹ́. Dókítà fúnra wọn ló ní kí ó tún ẹ̀jẹ̀ gbà. Kí ó di ara rẹ̀ lọ́kàn, kí ó lọ gba tirẹ̀. Èsì rẹ̀ á mọ́, dókítà á ní àkọ́kọ́ ṣèèṣì ni, ẹ̀gbọ́n mi á sì rí iṣẹ́ rẹ̀ gbà. Èmi náà á wá lọ ṣe tèmi níbòmíràn lórúkọ ara mi. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣa ẹ̀wà.

“Ọmọ tó gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ ńkọ́?”

“Kí ló ṣe é?”

“Bí èsì méjì bá wà lórúkọ mi tí ọ̀kan burú tí èkejì dára, ta ni wọn á dá lẹ́bi? Wọn á ní ó gbé ìgò ẹnì kan fún ẹlòmíràn. Wọ́n lè lé e lẹ́nu iṣẹ́. Kò sì ṣe nǹkan kan.”

Mi ò tiẹ̀ rántí ọmọbìnrin náà.

“A máa lọ sọ fún wọn,” ó ní. “Èmi ni màá sọ ọ́.”

Mo ní ṣé ó mọ ohun tí èyí lè dà. Ó ní òun mọ̀. Ó bu omi sí ẹ̀wà náà, ó gbé e kaná. A ò tún sọ ọ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ Ajé, àwa méjèèjì la wọlé tọ dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi ò jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́, kò sì dá mi lẹ́bi. Nígbà tó parí, dókítà yọ awò ojú wọn, wọ́n gbé e sórí tábìlì.

“Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún yín ní oògùn?” wọ́n bi í. “Ká ní ìtọ̀ yín kò ta kò ó, oògùn àìsàn tí kò ṣe yín ni ẹ bá máa lò. Ẹni tí àìsàn ń ṣe á sì wà nílé, á máa jẹ iyọ̀.”

“A tọrọ àforíjì, sà,” ẹ̀gbọ́n mi ní.

“Kì í ṣe èmi ni ẹ ṣẹ̀.” Wọ́n wá yíjú sí mi. “Ẹ̀yin, ẹ wá síbí.”

Wọ́n wé aṣọ ìfúnpá mọ́ mi lápá. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ní kí n mí sínú kí n mí síta, wọ́n tún un wọ̀n ní apá kejì. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ mi, ojú ibẹ̀ wọ inú, kò sì tètè padà. Wọ́n béèrè oògùn tí mò ń lò. Mo ní mi ò lo nǹkan kan. Wọ́n béèrè bí orí ṣe ń fọ́ mi sí, mo sọ, wọ́n ní kí ni mo máa ń lò sí i. Ìgbà yẹn ni mo fa páálí oògùn náà yọ nínú báàgì. Wọ́n wo páálí náà, wọ́n wo mí.

“Láti ìgbà wo?”

“Ó ti tó ọdún kan, sà.”

“Lójoojúmọ́?”

“Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.”

Wọ́n fi páálí náà sínú dúrọ́ọ̀ tiwọn. Mi ò rí i mọ́.

Wọ́n kọ fọ́ọ̀mù méjì fún wa, a padà sí láàbù ní Kútọ̀. Ọmọbìnrin náà rí wa, ó ń wo ojú èmi, ó ń wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, ó wo fọ́ọ̀mù. “Ta ni ta ni nínú yín, mà?” ó bi wá. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ẹni tó jẹ́ fún un, ó sọ ohun tí a ṣe, ó sì ní kó má bínú. Ọmọbìnrin náà ní láti ọjọ́ Jimọ̀ ni dókítà ti pe ọ̀gá òun pé èsì náà kò bá ìtọ̀ mu, wọ́n sì ti ń bi òun léèrè bí òun ṣe gbà á. Ó ní òun kò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Ó mú sìríńjì.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ jókòó. Mo di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. Ó kọjú sí kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọjọ́ inú rẹ̀ sókè, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Nígbà tó dé ọjọ́ kẹrìndínlógún, ọmọbìnrin náà ní ó ti tán. Òógùn bo ẹ̀gbọ́n mi, ó sì béèrè bóyá òun lè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ilẹ̀ ló jókòó sí nígbà tí wọ́n ń gba tèmi, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, bàtà rẹ̀ kan ti yọ lẹ́sẹ̀. Kò dákú.

Ti ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Tèmi rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ìyàtọ̀ díẹ̀ ló wà. Kò sí àṣìṣe kankan nínú ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí nọ́ńbà náà lábẹ́ orúkọ tèmi, ó dà bí ìgbà tí mi ò rí i rí.

Dókítà ní kí n jókòó, wọ́n sì fara balẹ̀ ṣàlàyé. Wọ́n ní ẹran ara wa máa ń tú pàǹtí kan sínú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, òun ni wọ́n ń pè ní kiriatínì. Kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ jáde sínú ìtọ̀. Bí ó bá ń rẹ kíndìnrín, pàǹtí náà á máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n nìyẹn, wọ́n á wá fi ọjọ́ orí ẹni ṣírò ibi tí kíndìnrín bá iṣẹ́ dé. Wọ́n ní tèmi ń ṣe nǹkan bí ìdajì iṣẹ́ rẹ̀, ó fi díẹ̀ lé.

“Ṣé ó máa padà sípò, sà?”

“Èyí tó ti lọ, mi ò rò pé ó máa padà. Èyí tó kù ni a fẹ́ dá dúró. Ó pọ̀ tó láti lò, bí ẹ bá gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu.”

Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, àti oògùn ara ríro tí mò ń gbé mì láti fi pa orí fífọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń fà. Àwọn méjèèjì ló ń ran ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n kọ oògùn méjì fún mi. Wọ́n ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n má mu àgbo kankan, kí n má sì gbé oògùn kankan mì láìjẹ́ pé mo béèrè. Wọ́n ní kí n padà wá gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti fi mọ ibi tí nǹkan ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi gba ìwé tirẹ̀ tó mọ́, ó sì wakọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀nà Ìtòrí lọ́jọ́ kejì. Ó lè fi ìwé náà lé wọn lọ́wọ́ kó dákẹ́. Dókítà ní àwọn kò ní sọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni, pé òun ni kó sọ ọ́ bó bá fẹ́. Ó sọ ọ́. Ìyá tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kó fún àwọn ní ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó padà lọ, wọ́n fún un ní ìjókòó àti omi tútù. Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn rẹ̀, àwọn kò sì rí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tó o nínú gbogbo àwọn tó wá. Ṣùgbọ́n ní ìdánwò ọdún tó kọjá, àwọn lé ọmọbìnrin kan tó jókòó ṣe ìdánwò dípò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá ọmọ náà wá bẹ̀bẹ̀ títí, àwọn ò gbà. Kí ni àwọn á sọ fún bàbá náà bí ó bá gbọ́?

“Kí lẹ wá sọ?” mo bi ẹ̀gbọ́n mi.

“Mo ní òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo mu omi náà tán. Mo dúpẹ́.”

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mi ò sunkún nítorí kíndìnrín. Mo ní ìbá ti dára kó dákẹ́ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti tán lọ́dọ̀ dókítà. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ń bá iṣẹ́ igbákejì rẹ̀ lọ níbi tó wà, ibẹ̀ náà ló sì wà títí di ìsinsìnyí. Nígbà mìíràn tí a bá gba ọ̀nà Ìtòrí kọjá, èmi ló máa ń dákẹ́. Òun máa ń bá ọ̀rọ̀ tó ń sọ lọ.

Ìyá wa la ò tètè sọ fún. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, inú ilé bàbá wa ni wọ́n ń gbé, kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ mi. Oúnjẹ ló tú wa fó. Wọ́n se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí fún mi lọ́jọ́ kan, mo jẹ díẹ̀, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n bi mí pé ta ni wọ́n fẹ́ máa gbé ọbẹ̀ fún bí mi ò bá jẹ ẹ́. Mo bá sọ fún wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní bàtà bàbá wa kò gba ẹsẹ̀ wọn mọ́ ní ọdún tí wọ́n lò kẹ́yìn. Wọ́n ní sálúbàtà ni bàbá wa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ènìyàn sì rò pé ìgbéraga ni.

“Wọ́n ní ọkàn ló pa bàbá yín,” wọ́n ní. “Ẹnikẹ́ni kò gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn. Nígbà yẹn, ta ló ń gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹni?”

Mo sọ èyí fún dókítà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú fáìlì mi. Wọ́n ní kí n pe àbúrò ọkùnrin méjì tí a ní pé kí wọ́n lọ wọn ìfúnpá. Ọ̀kan lọ. Èkejì ṣì ń ṣèlérí.

Ìyá wa wá bẹ̀rẹ̀ sí í se ìkòkò ọbẹ̀ kékeré kan lọ́tọ̀ fún mi, tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n máa ń fi ata àti ìrú wá adùn sí i. Kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀, mi ò sì sọ fún wọn. Mo máa ń jẹ ẹ́ tán.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta báyìí. Mo ti mọ àga láàbù náà, mo mọ èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Mo mọ àwọn tí a jọ máa ń bá ara wa pàdé níbẹ̀: bàbá àgbẹ̀ kan láti ìgbèríko Ọ̀dẹ̀dá tó máa ń béèrè nọ́ńbà mi kó tó sọ tirẹ̀, àti ọ̀dọ́mọkùnrin awakọ̀ kan tí mi ò rí mọ́ láti ọdún tó kọjá, tí mi ò sì tíì béèrè ibi tó wà. Ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára mi ti lọ́kọ, ó ti bímọ, ó ti di ọ̀gá níbẹ̀. Bó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gba tèmi. Ó ṣì máa ń béèrè orúkọ mi lójú mi kó tó kọ ọ́, mo sì máa ń dá a lóhùn.

Nọ́ńbà mi wálẹ̀ díẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí mo pa oògùn ara ríro tì. Inú mi dùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé àìsàn náà máa tán. Kò tán. Nọ́ńbà náà dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́, mo sì kọ́ láti máa pe ìdúró sójú kan ní ìròyìn ayọ̀. Orí kì í fọ́ mi mọ́. Mo máa ń gun àtẹ̀gùn mẹ́jọ náà, nígbà mìíràn mo máa ń sinmi lórí ìkarùn-ún, nígbà mìíràn mi ò sinmi.

Ní oṣù tó kọjá, nọ́ńbà náà gòkè díẹ̀. Dókítà wò ó, wọ́n gbé àwọn bébà àtẹ̀yìnwá jáde, wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì, wọ́n fi ìka tọ̀ wọ́n láti ọ̀tún dé òsì. Wọ́n bi mí bóyá mo ṣe gbuuru, bóyá omi tí mò ń mu kù, bóyá mo gbàgbé oògùn. Mo ní mo gbàgbé oògùn fún ọjọ́ méjì nígbà tí a lọ sìnkú ní Ìtòrí. Wọ́n ní ó lè jẹ́ ìyẹn, ó sì lè má jẹ́ ìyẹn. Wọ́n pààrọ̀ ọ̀kan nínú oògùn mi, wọ́n ní kí n má dúró di oṣù mẹ́ta, kí n padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé mi lọ, òun ló sì gbé mi padà. Ó béèrè ohun tí wọ́n wí, mo sọ fún un. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà á bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ìdánwò, pé kí n tètè gba àyè lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Mo ní màá gbà á lọ́la. Ó já mi sílẹ̀ ní ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́ ní Ọ̀dẹ̀dá, nítorí mo ṣì ní kíláàsì kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo sì ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ náà pé màá dá àrokọ wọn padà.